Ìbéèrè Mẹ́rin, Irọ́ Mẹ́rin

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Oṣù mẹ́rin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè. Lónìí, màá fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ì báà tẹ̀lé e.

Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni bàbá mi, pé ìyá mi ti kú, pé èmi nìkan ni wọ́n bí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ìgò ọtí líle tó wà lẹ́yìn àpótí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tí kì í gbẹ, tí kì í sì kún. Ẹ ò mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, wọn ò lè sùn láìlo oògùn oorun. Wọ́n á wọn pákó kan lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tún bi mí pé, "Ìyá mi, mélòó la pè é?" Èmi ni wọ́n ń pè ní ìyá mi.

Nígbà tí dókítà ní àfi kí àwọn la àyà wọn kí àwọn tún ọkàn wọn ṣe, mo sunkún, àmọ́ inú mi tún ń dùn díẹ̀. Ẹ gbà mí, orí mi ò pé nígbà yẹn. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ló tọ́ mi dàgbà, ilé ìwòsàn sì ni àwọn olólùfẹ́ inú ìwé ti máa ń sunkún síra wọn láyà. Àbúrò yín, àfẹ́sọ́nà mi, di ọwọ́ mi mú. Ìgbà yẹn lẹ wọlé tẹ̀yin ti fọ́ọ̀mù, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí yín. "Ìyàwó wa, o kú ìdúró ti bàbá o." Ìyàwó wa! Adùn ọ̀rọ̀ yẹn dí mi létí.

"Ṣé bàbá máa ń mutí?" Rárá, mà. "Oògùn oorun ńkọ́?" Rárá o. "Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan?" Mo ní, "Bàbá mi kẹ̀? Gbèsè tí èèyàn jẹ wọ́n lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n rántí." Ẹ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń lo awò ojú?" Rárá. Inú báàgì mi ni awò náà wà, òwú ni wọ́n fi so apá rẹ̀ kan, ojú sì ń tì mí. Ẹ tiẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé àgbàlagbà tó bá ń lo irú nǹkan wọ̀nyí tó sì dáwọ́ dúró lójijì, tàbí tí kò ríran dáadáa, orí rẹ̀ lè dàrú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Pé bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ ó múra sílẹ̀. Ó yé mi. Òmùgọ̀ ni mí, mi ò dití.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ń ṣa kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò rí lórí ìbùsùn. "Ìyá mi, olè ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbé òòlù fún mi." Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ọmọ wa, ṣé kò sí nǹkan tí o gbàgbé láti sọ? Ọtí? Oògùn?" Mo wojú àbúrò yín. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, "Kò sí, sà." Ẹ lè ní ti fọ́ọ̀mù, ìwà ọmọdé ni. Èyí ńkọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo egbò wọn. Wọ́n bú ramúramù: "Olè! Gbé ayùn mi sílẹ̀!" Wọ́n fa rọ́bà ọrùn wọn já, ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri. Wọ́n di irun yín mú, wọ́n fi orí yín gbá irin ìbùsùn, gbà! gbà! Wọ́n yọ irin tí ẹ gbé omi tó ń wọ iṣan wọn kọ́, wọ́n sì ti ìkọ́ rẹ̀ bọ̀ yín lójú. Ẹ ń ké, "Bàbá, èmi ni! Nọ́ọ̀sì yín ni!" Wáyà tí wọ́n fi di egungun àyà wọn já, ó dún bí pákó tó sán. Ọkùnrin mẹ́rin ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi dúró sídìí ògiri, awò wọn ń gún mi níhà.

Bàbá mi yè é. Ojú yín kan ni kò yè é. Àbúrò yín ní, "Mi ò mọ̀ pé bàbá ẹ níkà nínú tó báyìí." Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ò rántí nǹkan kan, ohun tí àwọn èèyàn sọ fún wọn, pé ìkà ni wọ́n, ni wọ́n gbà. Wọn ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n tó sùn, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sí mi pẹ̀lú okùn: "Ìyá mi, so ó le, kí n má baà pa ọ́." Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe: mo so ó. Oṣù mẹ́rin ni mo fi so ó.

Lánàá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, "Inú ìwé ìfẹ́ ẹ lo ti rí ìyẹn. O fẹ́ràn mi débi pé o fẹ́ ru ẹ̀ṣẹ̀ mi." Wọ́n tún na ọwọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Àǹtí bá ka ìwé yìí fún, ẹ má fi irọ́ ṣe ara yín lọ́ṣọ̀ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́. Àǹtí mi, mo tọrọ àforíjì. Bó bá le jù fún yín, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò gba ẹnu mi gbọ́ mọ́, tiyín nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tú wọn sílẹ̀.