Kì Í Ṣe Kolóńbù Ni Mo Tà fún Fáwùmí

Ẹ̀yin obìnrin ìsọ̀ wa, àti ẹ̀yin ará ilé Ignace tí mo ránṣẹ́ pè wá sọ́jà yìí, ẹ jókòó. N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, n kò sì gba ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ gbọ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ fúnra mi kí ẹ̀rù má baà mú mi fo ibì kan. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ogun àwọn òyìnbó dé, ogun parí, n kò sọ ọ́. Ó ti rà síbẹ̀. Èmi Àwẹ̀ní, tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Kolóńbù, èmi ni mo fọ́ ojú Honorine. Kì í ṣe Fáwùmí, ìyá àgbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin àgbà á rántí. Agolo wàrà tó kọ́kọ́ bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Lomé, àwòrán ẹyẹlé ló wà lára rẹ̀, Colombe, ìyẹn ẹyẹlé lédè Faransé, ni wọ́n sì kọ sí i. Ẹnu wa sọ ọ́ di kolóńbù. Kò pẹ́ tí agolo mìíràn fi dé, ti olódòdó, ti eléwé, ti ọlọ́kọ̀ ojú omi, kolóńbù náà la ń pe gbogbo wọn. Sẹ̀ríyà, àlejò tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin ará ibí yìí, bí Fúlàní bá fún wàrà lójú yín báyìí, ẹ ó ní kolóńbù ló wà lọ́mú màlúù rẹ̀!" A ó rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, olè lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé èmi ni olè ọ̀hún.

Ẹ mọ̀ pé n kò lọ sílé ìwé. Ara agolo ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo ń so lẹ́tà kan mọ́ èkejì nígbà tí ọjà bá dá. Mo sì máa ń fi ṣe fọ́ńté. Ọdún tí owó òwú já wálẹ̀, tí ti ẹlẹ́yẹlé wọ́n, ti ọlọ́kọ̀ ni mo ń rà, nítorí pé ó rọjú. Mo rí ìlà kan nísàlẹ̀ agolo rẹ̀, wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ eèrà. Mo ka ọ̀rọ̀ tó dúró fún ọmọ níbẹ̀, ìyókù kò yé mi. Mo gbé agolo náà lọ bá Émile, tó ń di ọgbẹ́ fún aláìsàn nílé ìwòsàn. Ó kà á, ó gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà yìí kúrò. Wọ́n ní kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́." Mo ní, "Ó funfun, ó dùn. Kí ló fi yàtọ̀?" Ó ní, "Àgbà lè bù ú sínú kọfí. Ìkókó tí kò bá ní oúnjẹ mìíràn, ojú rẹ̀ á gbẹ, á sì fọ́. Ìyá, ẹ má tà á fún ọlọ́mọ ọwọ́ o." Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, mo gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé n kò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé Émile lọ sí Sokodé. Inú mi dùn.

Lákòókò yẹn ni Pauline, ọmọ Fáwùmí, kú lẹ́yìn tó bí Honorine. Ọkọ rẹ̀, Ignace, ń ṣiṣẹ́ ojú irin ní Agbonou, nítorí náà ọwọ́ ìyá àgbà ni ọmọ wà. Fáwùmí a máa wá láti Datcha, ọmọ lẹ́yìn, abọ́ lọ́wọ́. "Ìyá Kolóńbù, ẹ kú ọjà o. Ẹ bu ti ọmọ yín." Ọmọ yín ló ń wí! Ẹ mọ̀ pé n kì í ta odidi agolo fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a. Abẹ́ tábìlì ni mo ti ń lu agolo, tí mo sì ń fi ṣíbí bù ú sínú abọ́ wọn. Ta ló máa rí àwòrán? Nígbà tí Fáwùmí dé lẹ́yìn tí mo ti ọ̀dọ̀ Émile bọ̀, ọwọ́ mi dúró lórí agolo. Ti ẹlẹ́yẹlé ku ẹyọ kan. Ìyàwó akọ̀wé kan ni mo tọ́jú rẹ̀ dè. Fáwùmí ní, "Ṣé kolóńbù náà ni?" Mo ní, "Kolóńbù ni kẹ̀." Mo bu ti ọlọ́kọ̀ fún un. Ó ṣàdúrà fún mi kó tó lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Kolóńbù, ọmọ yìí kì í fẹ́ wo oòrùn mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, kì í dá mi mọ̀." Mo wo ojú ọmọ náà. Ó ti ṣú bíi dígí tí èéfín bò. Ọ̀rọ̀ Émile wà lẹ́nu mi níbẹ̀, mo gbé e mì. Ohun tí mo sọ ni pé, "Kò yó ni. Ẹ fi kún kolóńbù rẹ̀." Ẹ gbọ́ o. Mo tún ta sí i fún un. Kí òjò ọdún náà tó dá, ojú méjèèjì ti lọ.

Èyí tó burú jù ló kù. Àwọn ará ilé Ignace ní àjẹ́ ni Fáwùmí, pé ó pa ọmọ tirẹ̀, ó wá ń jẹ ojú ọmọ-ọmọ. Wọ́n mú un wá sọ́jà, ibi tí mo dúró sí yìí. Ignace bi mí pé, "Ìyá, kí ni obìnrin yìí ń rà lọ́wọ́ yín? Ó ní wàrà lòun ń fún ọmọ mi. A ní irọ́ ni, àgbo ìkà ló ń rọ ọ́." Fáwùmí ń wò mí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ló fi mí ṣe. Mo ní, "Kolóńbù ni." Ignace ní, "Kolóńbù tí gbogbo ayé ń rà?" Mo ní, "Òun náà ni." Gbogbo yín mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo yín ni mo sọ, kò sẹ́ni tó lè ní mo parọ́. Irọ́ tí gbogbo ìlú bá ènìyàn gbé kì í wúwo. Ẹnì kan wá ní, "Bí wàrà bá dára, a jẹ́ pé ọwọ́ tó ń fún un ni kò dára." Wọ́n tú ọmọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Fáwùmí yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Kolóńbù, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin sọ òótọ́." Ó lọ sí Glei. Ibẹ̀ ló kú sí, kò sẹ́ni tó fún un lómi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Honorine fọwọ́ tọ ara ìsọ̀ wá bá mi, abọ́ lọ́wọ́. "Ìyá Kolóńbù, ẹ kú ọjà o. Ọmú ń dun ìyàwó bàbá mi. Ẹ bu kolóńbù fún àbúrò mi." Ohùn ìyá àgbà rẹ̀ gan-an ni. Mo ní kò sí. Ó fa imú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá yìí! Mo ń gbóòórùn rẹ̀. Àbí ẹ kì í tà fún afọ́jú?" Mo fà á jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?" Mo ní èmi nìkan. Ó ní, "Wọ́n kọ́ mi nílé pé tí mo bá gbọ́ orúkọ ìyá àgbà mi, kí n tutọ́. Mo sì ń tutọ́." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ lójú ọjà. Ojú ọjà lẹ ti sọ ti àkọ́kọ́." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo ti sọ ọ́ o. Ignace, kó àwọn ará ilé rẹ lọ sí Glei, kí ẹ tún orúkọ Fáwùmí ṣe níbi tí wọ́n sin ín sí. Bí ẹ bá ní kí n bá yín lọ, n ó lọ. Honorine, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá ṣe é lọ́jọ́ kan, jọ̀ọ́, ránni wá sọ fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bímọ, ẹ má béèrè orúkọ ohun tí ọmọ yín máa mu, ẹ ní kí wọ́n gbé agolo rẹ̀ jáde sójú oòrùn, kí ẹ wá ẹni tí yóò ka ìlà wẹ́wẹ́ fún yín. Sẹ̀ríyà, ti ọlọ́kọ̀ tó kù nìyí nílẹ̀. Bá mi lù wọ́n, kí o dà wọ́n sí kòtò. Kí ẹ má sì pè mí ní Ìyá Kolóńbù mọ́. Àwẹ̀ní lorúkọ mi. Èmi ni mo tà á.