Ìbọn Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ẹrù Màmá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi ju ọdún kan lọ. Mo ba ọkùnrin kan lórúkọ jẹ́, ọkùnrin tó ṣe mí lóore, nítorí ìbọn kan tí mo rà láìjẹ́ kí ọkọ mi mọ̀. Mo ti jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Mo ti jẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà pẹ̀lú, ara sì ti ń fúyẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá dìde nínú ìjọ wa láti sọ ìwọ̀n tí mo lè sọ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí nìkan ni mo lè sọ gbogbo rẹ̀ fún, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Cedar Hill, lókè òkun níbí, ni èmi àti ọkọ mi, Daddy Ìfẹ́, ń gbé. Ìfẹ́, ọmọ wa, ti lọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi mú, mi ò kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo máa ń kúrò nílé lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tẹ̀lé mọ́tò mi láti ibi tí mo ti ra gáàsì títí dé iwájú ọsibítù. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn páàkì, ó ń wò mí, ó sì lọ.

Mo sọ fún Daddy Ìfẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà, ó ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa. Mo ṣe àmín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi nìkan náà ni mo tún dúró níbi gáàsì tí mò ń wẹ̀yìn.

Daddy Ìfẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn sétí. Olè wọ ilé wọn ní Ìjẹ̀bú nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n ní kí òun àti bàbá rẹ̀ dojú bolẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu ìbọn ti bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Kí a tó fẹ́ra wa ló ti sọ fún mi pé ìbọn kò ní wọ ilé òun láéláé, ìbáà jẹ́ ti ìṣeré ọmọdé. Mo gbà. Ẹnu ara mi ni mo fi gbà á.

Àfi bí ọsibítù ṣe fún wa lówó. Àwọn èèyàn ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwa tí a dúró ni wọ́n fún ní àjẹmọ́nú. Mi ò retí rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo rí i nínú paycheck mi, mo rò pé wọ́n ṣì í ṣe ni. Mo pe ọ́fíìsì, wọ́n ní tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ. Ọkàn mi ti lọ síbi ìbọn kí n tó mọ̀.

Tí mo bá fẹ́ sinmi lẹ́nu iṣẹ́, inú mọ́tò ni mo máa ń lọ jókòó sí, tí màá máa wo fídíò ìbọn lórí fóònù. Èyí tó rọ obìnrin lọ́rùn, èyí tí kì í ta sẹ́yìn púpọ̀, èyí tó wọ báàgì. Èmi tí mo máa ń dijú tí wọ́n bá ń yìnbọn nínú fíìmù.

Ṣọ́ọ̀bù kan lápá Addison ni mo lọ, kí n lè jìnnà sí ojú àwọn ará ìjọ. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan ló dá mi lóhùn. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe. Mo ní kí ẹ̀rù má bà mí mọ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé ìbọn gígùn kan jáde, ó ní tó bá jẹ́ ti inú ilé, èyí ló dáa jù. Mo ní ta ló fẹ́ máa gbé ọ̀pá àjà kiri. Ó wá mú kékeré kan wá, aláwọ̀ píǹkì bíi ti ọmọlangidi. Mo bi í pé ṣé ó rò pé ọjọ́ ìbí ọmọdé ni mò ń lọ ni. Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín.

Ó tún mú kékeré mìíràn jáde, dúdú, tó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi pátápátá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí n fa orí rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, mi ò lè fà á. Èmi tí mò ń yí aláìsàn bọ̀kìbọ̀kì padà lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí irú ìbọn yẹn bá ṣe kéré tó ni inú rẹ̀ máa ń le tó, àti pé tó bá dún, ọwọ́ mi ló máa jìyà rẹ̀. Ó gbé èyí tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ fà wẹ́rẹ́. A lọ dán an wò ní yàrá tí wọ́n ti ń yìnbọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó kọ́kọ́ dún, àyà mi já. Nígbà tó yá, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mò ń sọ, ó dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ra nǹkan tó jẹ́ tèmi nìkan.

Mo tilẹ̀ ná an. Mo ní èló ni jálẹ̀. Bàbá náà ní iye tí wọ́n kọ sí i lára náà ni. Mo ní ó dáa, mo ń lọ. Mo gbé báàgì mi kọ́ apá, mo rọra ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà kó lè pè mí padà. Kò pè mí. Èmi náà ni mo fẹsẹ̀ ara mi padà wá sanwó.

Ibo ni màá wá gbé e sí? Daddy Ìfẹ́ ló ń tún ilé wa tò, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tí kì í ṣí. Ohun kan tí kì í fọwọ́ kàn ni dúróòmù màmá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè òkun mọ̀ ọ́n, dúróòmù búlúù ńlá tó máa ń wà ní gáréèjì, tí a máa ń ra ọṣẹ, ìpara, aṣọ àti bàtà sí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa kún, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sílé. Tiwa kò tíì kún dé ìdajì, mo sì mọ̀ pé yóò pẹ́. Mi ò ki ọta sínú ìbọn náà. Mo tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ dúróòmù. Mo ní tí mo bá ti ra àpótí irin tó ṣe é gbé pamọ́, màá yọ ọ́. Mò ń fi dọ́la, mò ń fi ọ̀túnla.

Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, àyè dúróòmù ṣófo. Daddy Ìfẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń wò mí láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti tẹ̀lé mi, pé inú mi ò dùn mọ́, òun sì fẹ́ ṣe nǹkan tó máa mú inú mi dùn. Ó ti ra ìyókù kún inú dúróòmù, ó ti pe Bọ̀dá Múfú tó ń bá wa kó ẹrù lọ sílé, ó sì ti sanwó.

"Orúkọ mi ni mo fi sí i," ó ní. "Kí Màmá mọ̀ pé àna wọn náà rántí wọn."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn gáréèjì, mo bú sẹ́kún, ó sì rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Orúkọ ọkọ mi, tí kò fẹ́ rí ìbọn sójú, ló wà lára ẹrù tí ìbọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ màmá mi ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa gbà á. Tí wọ́n bá rí i níhìn-ín, ọkọ mi ló ń lọ sẹ́wọ̀n. Tí wọ́n bá rí i ní Èkó, màmá mi ni wọ́n máa wá mú.

Mo ní mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ sápò, mo ń lọ dá a padà. Mi ò mọ bí mo ṣe wa mọ́tò dé ibi tí Bọ̀dá Múfú ń kó ẹrù sí. Ọlọ́run ṣàánú mi, wọn ò tíì kó o sínú kọ́ńténà. Mo ní kó jẹ́ kí n mú nǹkan kan nínú dúróòmù wa. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀, òun kì í jẹ́ kí wọ́n tú ẹrù lẹ́yìn òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbà. Nígbà tí mo fa àpótí yẹn jáde, táwẹ́ẹ̀lì bọ́ lára rẹ̀, ó rí àwòrán ìbọn tó wà lórí rẹ̀, ó wò mí.

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, mummy," ó ní. "Ẹ gbé e kúrò nínú ẹrù mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo wa lẹ fẹ́ tì mọ́lé?" Ó tún ẹrù náà tò fúnra rẹ̀, ó dì í padà, ó ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sọ.

Bí mo ṣe wọlé, Daddy Ìfẹ́ ti ń dúró dè mí. Ó ní Bọ̀dá Múfú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé mo wá síbẹ̀, a tú dúróòmù, a sì ti dì í padà. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n bá ti tú ẹrù, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọkọ mi ní kí ni mo lọ wá níbẹ̀. Ìbọn wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò mi lásìkò yẹn. Mo ní mo gbọ́ pé wọ́n máa ń jí nǹkan nínú ẹrù ẹlẹ́rù, pé mo lọ wò ó, mo sì bá a pé wọ́n ti tú u, ìpara màmá mi ti dín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, láìṣẹ́jú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo dá ìbọn padà fún bàbá òyìnbó yẹn, mo gba iye tó fún mi, mi ò ná an lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń rí ewu tí kò ní kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ wa. Àwọn ọkùnrin sọ fún ìyàwó wọn. Bọ̀dá Múfú kì í ṣe ará ìjọ wa, Mùsùlùmí ni, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni, wọn ò gbé ẹrù fún un mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dákẹ́.

Ẹrù dé ọwọ́ màmá mi, ohunkóhun ò dín. Màmá pè wá, ó ń ṣàdúrà fún ọkọ mi àti fún ẹni tó gbé ẹrù náà wá. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ ra èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Vickery Meadow. Bọ̀dá Múfú ni mo rí tó ń ru àpò ìrẹsì wọlé. Ó ní iṣẹ́ òun ti lọ sílẹ̀, òun ń bá wọn ṣe é níbẹ̀ ní Sátidé. Ó kí mi dáadáa. Ó béèrè màmá mi. Ó tún bá mi gbé èlùbọ́ sínú mọ́tò. Mi ò lè ṣíná sí mọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Daddy Ìfẹ́. Kò pariwo. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Ẹ̀rù bà ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, o ò sì sọ fún mi?"

Mo ní, "Mo sọ fún yín. Ẹ gbàdúrà."

Inú bí i sí mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mi ò sì ní kó má bí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, òun ló ń lọ ra gáàsì sí mọ́tò mi lójú ọ̀sán, mi ò tíì sọ fún un bó ṣe tù mí lára tó.

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá Bọ̀dá Múfú. Mo tún kúnlẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi lọ̀rọ̀ náà ti jáde, ta ló tún lè jẹ́. Ọkọ mi ní kó sọ iye tó bá fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ owó.

"Ẹ lọ sọ fún àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ pé mi ò jí nǹkan ẹnì kankan," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìbọn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìbọn wọ inú ẹrù mi rí, ó ti parí fún mi nìyẹn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá sọ pé mo parọ́ mọ́ ọn, pé nǹkan kan wà tí mo fi pamọ́ fún ọkọ mi nínú dúróòmù, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe parọ́. Wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Mi ò ní dáhùn. Mo mọ àwa obìnrin ìjọ wa, èmi gan-an ni mo máa ń ṣíwájú níbi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, wọ́n á ti ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, pé mo yan àlè. Daddy Ìfẹ́ ní òun máa dúró tì mí níwájú, pé òun ṣáà mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé bí mo ṣe fẹ́ ṣe é yìí tọ̀nà? Ṣé ẹni tó sọ ìdajì ti jẹ́wọ́? Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run pẹ̀lú. Ní tèmi, oorun ti ń kùn mí báyìí, oúnjẹ sì ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kí wọ́n pè mí ní orúkọ tó bá wù wọ́n. Kí wọ́n ṣáà máa gbé ẹrù wọn padà lọ fún Bọ̀dá Múfú.