Ẹsẹ̀ Pande Tí Mo Pè Ní Ẹsẹ̀ Ọ̀lẹ

Má dá mi lóhùn! Dùbúlẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ní o ò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ yẹn kò títí dìrọ̀lẹ́, kí ojú ibi tí wọ́n ti ki wáyà bọ itan ẹ má baà tún ṣẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Pande, kí ni mo ṣe fún ẹ? Kí ni èmi Blaguna, ẹ̀gbọ́n ẹ, tá a jọ mu ọmú ìyá kan, ṣe fún ẹ tó o fi jẹ́ kí n máa bú ẹ fọ́dún mẹ́ta gbáko?

Ọdún mẹ́ta! Tá a bá ń ti ọjà Kavadarci bọ̀, o ò ní tíì rìn jìnnà, o ó ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyàwó, o ó máa wo gíláàsì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Mo ní, "Àbí o ti rí ọmọge kan ni?" O rẹ́rìn-ín. O rẹ́rìn-ín, òpònú! Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ ti dí pa, ẹran ẹsẹ̀ ń wá ẹ̀jẹ̀ kò rí, ìwọ ń rẹ́rìn-ín fún mi.

Ìgbà ìkórè àjàrà ńkọ́? O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi ni mo ké sí àwọn tó ń ká a pé, "Ẹ gbé àga wá o, ọba ọ̀lẹ ti dé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló rẹ́rìn-ín jù? Ọlọ́run, foríjì mí.

Ọjọ́ tá a lọ síbojì bàbá wa, mo tì ẹ́ gun òkè yẹn bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Omijé ń dà lójú ẹ, mo rò pé bàbá lò ń sunkún. Mo tiẹ̀ jowú ẹ, torí ojú tèmi gbẹ. Áà! Ìrora ni!

Ta ló wá sọ fún mi? Ṣé ìwọ ni? Dókítà ni! Ó ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ẹ ti dú bí èédú, pé ká ní o fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ sí i ni, ayùn ni, kì í ṣe wáyà tín-ín-rín àti bàlúùnù kékeré tí wọ́n fẹ́ níbi tó dí. Òun náà ló ní o bẹ òun, pé, "Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́rin ló fi gbé póò bàbá wa lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn. Ó tó fún un."

Ó tó fún mi? Ta ló bi ẹ́? Ta ló ní kó o bá mi wọn agbára mi? Mo gbé póò bàbá, mo lè gbé tìẹ! Èyí tó o gbé lé mi lọ́kàn yìí ni mi ò lè gbé.

Kí lo wí? O ṣeun? Mo wọ bọ́ọ̀sì wá sí ọsibítù ní Skopje níbí, mo gbé ẹ̀wà wá, ìyẹn lo wá ń dúpẹ́ fún? Má dúpẹ́! Bú mi! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, bú mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè rí oorun sùn.

O ò ní bú mi? Ó dáa. Ká aṣọ yẹn kúrò, jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀hún. Mo ní ká a!

Pande. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tọmọ tuntun.

Mi ò sunkún o. Yíjú sọ́hùn-ún. Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Mo ní má rẹ́rìn-ín, ojú ọgbẹ́ ẹ á... háà, ọmọ yìí! Háháhá! Má pa mí o!