Táyà Méjì Inú Agolo Mílíìkì

Rárá o, Àǹtí mi, ẹ má ní kí n jókòó, n ò jókòó! Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí láti wá dá ẹjọ́ èmi Kùdírátù, ìyàwó àbúrò yín, àjẹ́ tó so ọkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa rìnrìn àjò. Ṣé bó ṣe ránṣẹ́ sí yín nìyẹn? Ó sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ má bò ó fún mi. Gbogbo àdúgbò wa ní Agege ló ti gbọ́, ojúde ló dúró sí, ó na agolo mílíìkì sókè, ó ní kí wọ́n wá wo ẹsẹ̀ òun tí ìyàwó òun kó pamọ́! Ẹsẹ̀! Táyà méjì ni o, Àǹtí mi, táyà bàálù ìṣeré, tí kò tóbi ju ẹ̀wà méjì lọ! Subuhanálàhí!

Ẹ má sì bínú pé mo ń pe bàbá Nusrat ní "ó". Ọdún mọ́kànlá ni mo fi pè é ní "wọ́n". Ọjọ́ tó na agolo yẹn sókè ni ọ̀wọ̀ yẹn tán.

Ta ló ni bàálù? Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìyẹn ná. Èmi ni mo ni ín! Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to rédíò ni mo wà ní Oregun, odidi ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo ń fi òjé gbígbóná lẹ wáyà mọ́ inú ẹ̀, wáyà tó tín-ín-rín bí irun, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù dé, tí wọn ò rí ẹ̀yà rédíò kó wọlé láti òkè òkun mọ́, wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, ọ̀gá wa, ará Íńdíà, ní kí kálukú mú nǹkan kan nínú ọ́fíìsì àwọn. Ẹnì kan mú fáànù, Stella tá a jọ ń jókòó mú àga. Èmi, páálí méjì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo tọrọ, tí wọ́n ya bàálù sí lójú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màdáámù, nǹkan ìṣeré ọmọ àwọn tó ti dàgbà ni o. Mo ní mo mọ̀, sà, ẹ ṣáà fún mi.

Àǹtí mi, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Téèyàn bá ṣí páálí yẹn, kì í ṣe bàálù ló máa bá níbẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀ ni, bí ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹ̀ so mọ́ ọ̀pá rọ́bà bí èso, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé e, ẹ ó fi fáìlì èékánná ha ojú ẹ̀ títí á fi jọ̀lọ̀, ẹ ó fi ṣóńṣó ìgbálẹ̀ kán gọ́ọ̀mù sí i, bíńtín báyìí, tó bá pọ̀jù ó bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ó wá dì í mú, ẹ ò ní mí, ẹ ó máa ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa jọ̀wọ́ ẹ̀, ó ti di ara kan ṣoṣo. Àwòrán tó máa wà lápá ẹ̀, inú omi lẹ ó rẹ ẹ́ sí, á máa yọ̀ kúrò lára bébà fúnra ẹ̀, ẹ ó wá fi ìka tì í jẹ́jẹ́ sí àyè ẹ̀. Orin ni mo máa ń kọ! Èmi tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí mo ń jí láàárọ̀ tí n ò ríbi lọ, inú mi dùn, ọwọ́ mi tún rí nǹkan ṣe.

Ẹ ní kí ni? Obìnrin ilé wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé mo febi pa àbúrò yín ni? Ọjọ́ wo ló délé tí kò bá oúnjẹ? Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ mi délẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Bàálù àkọ́kọ́, ti èrò ni, fèrèsé lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, oṣù mẹ́rin ni mo fi tò ó. Mo wá kun orí èèyàn mẹ́rin sí fèrèsé mẹ́rin. Nusrat ló wà níwájú, bàbá ẹ̀ tẹ̀ lé e, èmi, àti Hakeem àbúrò ẹ̀. Torí ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn, pé ìlú yìí ò ṣeé gbé mọ́, gbogbo wa la jọ ń lọ, òun ò ní fi ẹnì kankan sílẹ̀. Ó rí orí ara ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo kun imú òun tóbi jù. Èkejì, bàálù ogun ni, kékeré, awakọ̀ nìkan ló ń gbà. Àbúrò yín gan-an ló fi ẹ̀mú bá mi di awakọ̀ rọ́bà náà mú lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Ẹ bá mi rántí ìyẹn o. Èkejì yìí ni n ò tíì parí. Ó ku táyà méjì, gọ́ọ̀mù inú páálí tán, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí irú ẹ̀ rà lásìkò yìí? Ni mo bá kó táyà sínú agolo mílíìkì kí wọ́n má bàa sọnù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ohun tí mo fi di àjẹ́ nìyẹn!

Àbúrò yín wá gba ọ̀dọ̀ Àáfà Dàwódù lọ, lẹ́yìn ọjà ẹran ní Oko Ọba, kí wọ́n bá a ṣe àdúà físà. Àáfà ní kó mú bàálù wá, àwòrán ni o, ìṣeré ni o. Ó lè gé àwòrán nínú ìwé ìròyìn! Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bi mí, kò tọrọ, ọjọ́ tí mo lọ kí ìyá mi ló gun àga, ó gbé bàálù mi, wọ́n rì í sínú hàǹtú, omi àdúà tí wọ́n fi fọ wàláà, fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje gbáko! Òun nìyí nínú aṣọ funfun yìí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má bẹ̀rù, kì í jẹni. Àwòrán apá ẹ̀ dà? Ó ti bómi lọ. Apá òsì ti yọ. Ó wá gbé e báyìí nínú báàgì lọ sí ẹ́ḿbásì, bàálù ogun tó ru bọ́ǹbù méjì sábẹ́ apá, ó ń lọ tọrọ físà! Wọn ò fún un. Ó gbé e padà fún Àáfà, Àáfà dojú ẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ dà, báwo ló ṣe máa balẹ̀ nílùú òyìnbó? Ló bá gbé e sáré wálé, ó tú ẹrù mi kiri, ó rí agolo, ó gbé e lọ sójúde, àfìgbà tí mo já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ ń mi orí? Ẹ má tíì mi orí.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bàálù méjì ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ọ̀kan pé, táyà ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, iwájú ló sì wà. Èyí tí ò pé ló wà lẹ́yìn. Ó ní láti sún èyí tó pé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ tó tó èyí tí ò pé. Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ n sùn. Mo bá gbéra láàárọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó dé, mo bá Àáfà nílé. Mo ní Àáfà, ẹ̀yin lẹ ní kó mú ti ogun wá? Wọ́n ní rárá o, ìyá, pé èèyàn mélòó ló ń lọ làwọn bi í, pé kí bàálù tó máa mú wá gba iye wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ó lóun nìkan ni.

Òun nìkan, Àǹtí mi.

Ẹ ń wolẹ̀. Ẹ gbójú sókè. Ẹ wò mí. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ mọ̀? Haa! Ẹ mọ̀! Lá ìlàhá ílàlláhù! Ẹ mọ̀, ẹ sì wọkọ̀ wá bi mí léèrè táyà!

Ó dáa. N ò sunkún. Ẹ gbà, táyà náà nìyí, méjèèjì pé, ẹ kó o fún un. Gọ́ọ̀mù, kó wá a fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kó padà sí ojúde tó ti pè mí lájẹ̀ẹ́, níwájú àwọn èèyàn kan náà, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ iye èèyàn tó ń lọ. Tí ò bá wá, bàálù èrò ṣì wà lókè yẹn, ẹ wò ó, orí mẹ́rin ló wà ní fèrèsé. Ọ̀dà funfun tí mo fi kun ara ẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀ nísàlẹ̀ agolo ẹ̀. Ó tó pa orí kan rẹ́.