Ta Ni Yóò Wẹ Ọmọ Náà?

Ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn, tí kò tíì gbéra ní Enúgù, mo gbọ́ tí màmá kan ń ráhùn fún obìnrin tó jókòó tì í.

"Mo wá wẹ ọmọ ọmọ mi. Ìyá ìyàwó ni mo bá tó na ẹsẹ̀, tó gbé ọmọ lé e! Ṣé ọmọ tèmi kọ́ ló lọmọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí. Láàárín àwọn Ígbò, ìyá ìyàwó ló máa ń wá tọ́jú ìyá ọmọ. Òun náà á rò pé ẹ wá gba ipò òun ni."

"Ó tiẹ̀ se ọbẹ̀ fún mi."

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ń wẹ ọmọ. Ẹ fi tàárọ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ gba tìrọ̀lẹ́."

"Tìrọ̀lẹ́," ni màmá sọ jẹ́jẹ́. Ó wò mí. "Ọmọ mi, bá mi gbé báàgì yẹn sọ̀kalẹ̀, mo ń padà sílé ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, torí pé ọmọ Ígbò láti Ngwo ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ìyá mi ò sì tíì gbọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún un ni, àbí kí n dárúkọ ọkùnrin náà ná?