Ọkọ̀ Aláwọ̀ Méjì àti Àbúrò Mi Tí Wọn Ò Rí Gbé Lọ

Ẹ bá mi gbé orúkọ Jésù ga! Mo ní ẹ gbé e ga! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ ń dáhùn bí ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Ọpẹ́ ló gbé mi dé iwájú yìí, ọpẹ́ ni n ó sì bá padà sí ìjókòó mi. Ẹ mọ̀ mí, èmi Mama Dárà, tíṣà tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Èmi fúnra mi ò mọ ṣókí í sọ. Brother tí ẹ ń wo aago, ẹ fojú fò mí lónìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, Fẹ́mi, ni mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Òun ni àbígbẹ̀yìn màmá wa. Àwa méjì péré ló kù fún màmá láyé, wọ́n sì wà nílé ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ti dàgbà. Fẹ́mi ń tún kọ̀mpútà ṣe, Ọlọ́run sì bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé kọ́ lòun ń lé. Láti kékeré, ọkọ̀ eré ló ń dá a lọ́run. Nígbà tí apá rẹ̀ wá ká a, ó gba Kútọnu lọ, ó sì gbé tokunbo kan wọ̀lú.

Ọkọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ó rẹlẹ̀ débi pé tí mo bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ so ìró mi le dáadáa. Ó ní ìyẹ́ kan lẹ́yìn bí ohun tó fẹ́ fò lọ. Tí Fẹ́mi bá ṣáná sí i ní Ìkòsì, ẹni tó wà ní Kétu á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ o. Àwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ tí oòrùn ń ràn, àwọ̀ ewé ni, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ wá sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, elésè àlùkò lẹ ó máa wò. Tí òjò bá wá ṣú, tàbí tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, gbogbo rẹ̀ pátá á di elésè àlùkò, bí ẹni pé kò ní àwọ̀ ewé lára rí.

Mo bi í pé, "Fẹ́mi, kí lèyí?"

"Àǹtí mi, special edition ni o! Àwọn tó ṣe é, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà yìí kùn, ni wọ́n bá ṣíwọ́. Ẹ lè rin Èkó já, ẹ ò ní rí ìkejì ẹ̀."

"Ìwọ lo wá rí i. Orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ ò mọyì ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ẹ ṣì máa bẹ̀ mí kí n gbé yín jáde nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin náà ò kúkú dákẹ́ nígbà náà. Ṣé kí n dárúkọ? N ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ní kí Fẹ́mi máa gbé ọkọ̀ alágẹmọ yẹn sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, kó má gbé e síwájú ilé Ọlọ́run. Mummy, mo rí yín o. Ẹ gbójú sókè, a ò bínú.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan báyìí, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀, Fẹ́mi ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́ta. Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n ní kó kó patíkúlà rẹ̀ wá. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ àwọ̀ ọkọ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìwé tirẹ̀, ọ̀sán gangan ni. Akọ̀wé yọjú lójú fèrèsé, ó rí àwọ̀ ewé, ó kọ "green", ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá wo ìwé, ó wo ọkọ̀.

"My friend, where green dey here?"

"Oga, na so e be o. E dey change."

"Wetin dey change?"

"The colour, sir."

Ó sì rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn ló bu epo sí iná. Ọlọ́pàá rò pé òun ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní olè ni, pé ó jí ọkọ̀ elésè àlùkò, ó wá fi ìwé ọkọ̀ ẹlòmíì bò ó. Wọ́n gbé òun àti ọkọ̀ lọ sí àgọ́ wọn. N ò ní sọ àgọ́ náà. Ọpẹ́ ni mo wá dú, n ò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sunday, èmi àti Daddy Dárà sáré débẹ̀. Òjò ti dá, oòrùn ti yọ. Mò ń sọ ọ́ lọ́nà pé, "Ọlọ́run, o ṣeun. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ yìí lójúmọmọ báyìí, wọ́n á rí àwọ̀ ewé tó wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ á tán." Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti rí i. Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú sí gan-an nìyẹn!

A bá gbogbo wọn tí wọ́n tò sí ọ̀ọ́kán, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọkọ̀. Ẹnì kan ti bu iyọ̀ yí táyà rẹ̀ ká. Kọ́pùrà kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló kọ́kọ́ pàdé wa.

"Mama, ẹ wo nǹkan! Elésè àlùkò la gbé wọlé lánàá. A ti géètì pa. Ta ló gbé èyí wá? Àǹjọ̀nú?"

Mo ní, "Ọkọ̀ kan náà ni, ọmọ mi. Ọ̀dà rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀dà kẹ̀? Ọ̀dà tó ń paradà? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni yín, ẹ sọ fún un kó tú oògùn ẹ̀ o!"

Bí ọ̀ràn olè ṣe di ọ̀ràn olóògùn nìyẹn. Ìnsípẹ́kítọ̀ tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára àwọn. Ó ní tí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá ti mọ́, àwọn á gbé Fẹ́mi lọ fún àwọn ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè.

Ẹ mọ ohun tí mo wí. Ìyá kan wà lójúlé kejì sí wa, ọdún tó kọjá, Mọ́ńdè náà ni wọ́n gbé ọmọ tirẹ̀ lọ. Títí di òní olónìí, ìyá yẹn ṣì ń gbé oúnjẹ kiri láti àgọ́ dé àgọ́. Kò rí òkú ọmọ, kò rí ààyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà.

Wọ́n jẹ́ kí n rí Fẹ́mi. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti wú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di irin ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé mú, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ. Ẹ má sì tíì sọ fún màmá."

Mo padà tọ ìnsípẹ́kítọ̀ lọ. "Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí i, ẹ fi wé tinú ìwé."

Ó wo kọ́pùrà. Kọ́pùrà wolẹ̀.

"Ta ló máa ṣí i?"

"Èmi á ṣí i, Ọ̀gá."

"Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di pupa fún wa ni?"

Daddy Dárà fóònù sí Daddy wa, pásítọ̀. Gbogbo yín lẹ gbàdúrà nínú ìsìn ọjọ́ náà. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Lẹ́yìn ìsìn, Daddy wá bá wa pẹ̀lú Bíbélì wọn. Inú ìnsípẹ́kítọ̀ dùn. "Pásítọ̀, ó dáa bí ẹ ṣe wá. Ẹ bá wa lé e jáde. Kó ṣáà dúró sójú kan. Ì báà jẹ́ green, ì báà jẹ́ purple, a ò bínú."

Daddy gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà lọ, ìkúùkù bo oòrùn. Lábẹ́ ọwọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ọkọ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di elésè àlùkò!

Kọ́pùrà figbe ta. "Yéè! Ó tún ti ń ṣe é!" Ẹ̀yìn kàǹtà la ti bá a. Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ilé Ọlọ́run kọ́ ni ilé irọ́: ẹ̀yin náà yọ ọwọ́ kíá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Daddy sọ lẹ́yìn náà, n ò lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Mama Dárà, kò sí ẹ̀mí kankan nínú irin yìí. Ojú àwọn ènìyàn yìí ló yẹ ká gbàdúrà fún."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo ti gbàdúrà rí láyé mi. Mo ti gbàdúrà ọmọ, mo ti gbàdúrà àìsàn. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu tíṣà. "Olúwa, là wọ́n lójú. Olúwa, là wọ́n lójú." Kò sí nǹkan mìíì tí mo rí sọ. Mo forí kanlẹ̀, gèlè mi tú, ó já bọ́. Mo fà á mọ́ra kí n fi nu ojú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Gèlè sẹ́gò ni. Pupa bí osùn ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó di àwọ̀ wúrà. Mo dá a padà, ó pupa.

Bí mo ṣe ń dìde ni DPO wọn wọlé. Obìnrin ni, ìró àti bùbá ló wọ̀, ó ń bọ̀ láti ilé ìsìn tiwọn. Wọ́n ti fóònù sí i pé iwin wà ní ọgbà rẹ̀. N ò rántí kí i. Orí mi wà ní ìhòòhò, mo na gèlè sí i.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo nìyí?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Pupa ni."

Mo yí i padà. "Ìsinsìnyí ńkọ́, Ma?"

"Ó ti di wúrà. Ṣé sẹ́gò kọ́ nìyẹn ni? Òwú méjì ni wọ́n fi hun ún. Kí ló dé?"

"Madam, bí ọ̀dà ọkọ̀ àbúrò mi ṣe rí náà nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n máa gbé e lọ lọ́la nítorí ẹ̀."

Ó jáde, ó yí ọkọ̀ náà po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá yíjú.

"Kọ́pùrà! Ìyàwó ẹ ní sẹ́gò?"

"Ó ní in, Ma."

"Àjẹ́ ni?"

Kọ́pùrà ronú. Ẹ̀yin ará, ó ronú o! "Rárá, Ma."

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tí ejò wà nínú rẹ̀. Madam fúnra rẹ̀ ló ń ka nọ́ńbà, ìnsípẹ́kítọ̀ ń fojú bá a lọ nínú ìwé. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Madam pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ lọ mú ọmọkùnrin yẹn jáde."

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n tó lọ jókòó. Ẹnì kan sọ fún mi lọ́sẹ̀ yìí pé, "Mama Dárà, gèlè ló gbà á sílẹ̀ o, kì í ṣe àdúrà." Mo ní ó ṣeun. Ṣùgbọ́n orí mi ni gèlè yẹn wà láti àárọ̀ tí mo ti ń bẹ ìnsípẹ́kítọ̀. Mo ti wé e fún ọ̀pọ̀ Sunday, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ká a. N ò rí i rí. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó la ojú ọlọ́pàá, tèmi ló kọ́kọ́ là. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti rí i, ẹ̀yin ará. Orí ìkúnlẹ̀!

Mọ́ńdè tí wọ́n dá fún Fẹ́mi, ilé mi ló ti jí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní, "Àǹtí mi, àkàrà yìí le o." Èmi! Èmi tí wọn kì í dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú mi! Mo wọ kíṣìnì lọ, mo sunkún títí ọkàn mi fi rọ̀.

Fẹ́mi, dìde. Dúró dáadáa kí wọ́n rí ọ. Ẹ wò ó o, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run. Ojú rẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, màmá wa ṣì lọ́mọ méjì. Ẹni tí ìdùnnú mi bá dùn mọ́, kó bọ́ sójú agbo kó bá mi jó, kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn pàtẹ́wọ́. Ògo ni fún Olúwa tó mú un padà fún wa!