Ilẹ̀kùn Yàrá Ìyá Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi mí ìdí tí mo fi yọ ilẹ̀kùn yàrá ìyá yín nígbà tí omijé ò tíì gbẹ lójú wa. Mo ní ikán ló jẹ ẹ́. Irọ́ ni mo pa. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọ ilẹ̀.

Ìjọba ló gbé ètò ìlera àwọn obìnrin kalẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí obìnrin lè bọ́ra fún àyẹ̀wò ọmú láìsí ojú ẹnikẹ́ni. Èmi káfíńtà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ti ilé ìwòsàn ìlú wa fún. Mo kan ilẹ̀kùn náà, ó dára. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìyá yín ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ilé káfíńtà, kọ́tìnì ni ilẹ̀kùn!" Mo gbé e wálé, mo kàn án sí yàrá ìyá yín. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé igi kò tíì dé, mo sì kọ́ aṣọ fẹ́lẹ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá yín ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í bí ọmọdé. "Bàbá wọn, ẹ ṣeun. Èmi náà ti di onílẹ̀kùn." Ṣé olè ni mí lọ́jọ́ náà ni, àbí ọkọ? Kò yé mi títí di òní.

Nígbà tí kókó yọ sí i lọ́mú, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì padà láìṣe àyẹ̀wò. "Bí mo ṣe ń tú bọ́tìnì ni afẹ́fẹ́ gbé aṣọ yẹn sókè. Àwọn ọkùnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí. Bàbá wọn, ilẹ̀kùn wọn dà?"

Mo ní, "Ìjọba ò tíì fi igi ránṣẹ́."

"Ó dáa. Tó bá ti dé, màá lọ."

Ó sọ ọ́ tán, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ń bi mí léraléra: "Ṣé ó ti dé?" Mo ń dáhùn pé ó ń bọ̀. Mo lè yọ ilẹ̀kùn náà padà fún wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú tí ìyá yín máa fi wò mí ni kò jẹ́ kí n lè ṣe é. Ojú tèmi náà ni mo ń sá fún. Nígbà tí a gbé e lọ níkẹyìn, kò wo aṣọ ẹnu ọ̀nà mọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ̀ bá ti tètè mú wọn wá."

Ká ní ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ṣé ì bá yè? N kò mọ̀. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ọmọ.

Àná ni mo lọ kàn án síbẹ̀. Àwọn obìnrin tó jókòó dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ohun tí ẹ ṣe yìí, Ọlọ́run á san án fún yín."

N kò mọ̀ bóyá kí n ṣe àmín.